Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Fi Etí Yàn

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Kánádà kì í ṣe yìnyín. Kí n tó kúrò ní Ṣakí, kò sẹ́ni tí kò fi yìnyín dẹ́rù bà mí, títí kan àwọn tí kò dé Ìbàdàn rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èèyàn méje lè dúró ní ibùdókọ̀ kan náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má kí ẹnì kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé àárín wọn, mo kí gbogbo wọn lédè òyìnbó, mo sì fi orúnkún tẹ̀ díẹ̀ nítorí pé bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀. Obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹjú mọ́ títì bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Ibùdókọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Àfúsá, ọmọ mi àgbà, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, àbúrò rẹ̀ sì wà lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì pẹ́ kó tó dé. Àfúsá ò sunkún. Ó kàn na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Mọ́mì, àwọn ìka mi ò sí mọ́." Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, mo rí i pé àwọn ìka náà ti funfun bí ẹfun, mo sì ń ki wọ́n bọ ẹnu mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè móoru, títí bọ́ọ̀sì fi dé. Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo sọ fún un pé òtútù ọdún tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ bá wa ní ibùdókọ̀.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Tuntun."

Mo ní, "Tòkunbọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òkun wo ló tún fẹ́ ti ibẹ̀ bọ̀ nígbà tó jẹ́ pé àwa gan-an la wà lókè òkun. Ó ní mọ́tò tuntun ló ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀, pé tí ó bá bàjẹ́, àwọn tó tà á á tún un ṣe. Mo ní ta ni àwa tí a ó fi jókòó sínú mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí rí? Ní gbogbo ìgbà tí mo fi dàgbà, gbogbo mọ́tò tí mo mọ̀ ló ti ní ẹlòmíràn tó kọ́kọ́ ni ín. Ohun tí a sì fẹ́ ò le. A fẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jókòó sí láìfún ara wa pọ̀, tó sì ní búùtù gidi fún kẹ̀kẹ́ ọmọ àti àpò ìrẹsì. Lójú tèmi, ohun tí a nílò kò ju ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn lọ. Mo sì ní bàbá.

Bàbá mi, tí gbogbo Ṣakí ń pè ní Bàbá Múfú, fi ohun tó lé ní ogójì ọdún ṣe mẹkáníìkì lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ́yìn. Wọn ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní etí. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, wọn kì í kọ́kọ́ tú u. Wọ́n á ní kí awakọ̀ tẹ iná sí i, wọ́n á fi ìdí ọ̀pá igi kan lé ara ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbé etí lé orí ọ̀pá náà, wọ́n á sì dijú. Tí wọ́n bá fi máa lajú, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kó iṣu láti Àgọ́-Àrẹ àti Òfíkí kì í ra tòkunbọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e wá kí Bàbá Múfú gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n á pè mí, wọ́n á ní kí èmi náà gbé etí lé e. "Kí lo gbọ́?" Màá ní mo gbọ́ ariwo. Wọ́n á ní, "Ariwo kọ́. Èèyàn mélòó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Ó tó ọdún méjì kí n tó gbọ́ ohùn tó wà lábẹ́ ohùn. Àwọn awakọ̀ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọbìnrin ni wọ́n ń kọ́ ní mẹkáníìkì. Bàbá mi á ní etí ò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Kí n tó kúrò nílé ni àwọn mẹkáníìkì kéékèèké ti ń lo ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń kì bọ inú mọ́tò, tí á sì kọ àìsàn rẹ̀ síta. Àwọn èèyàn dẹ́kun àtimáa gbé mọ́tò wá. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wá ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ níwájú ibi tí Múfú, àbúrò mi, ti ń ránṣọ. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, màá béèrè ara, wọ́n á ní a dúpẹ́. Màá béèrè oúnjẹ, wọ́n á ní a dúpẹ́. Nígbà mìíràn màá béèrè pé kí ni wọ́n jẹ, wọ́n á ní a dúpẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lọ́jọ́ tí mo pariwo sí wọn létí pé a fẹ́ ra mọ́tò, pé àwọn ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi yàn án, ńṣe ni ohùn wọn dìde. Wọ́n ní, "Ṣé mọ́tò òyìnbó lo fẹ́ kí n yàn láti Ṣakí? Ìyá Àfúsá, o ṣì mọ̀ pé mo wà láyé." Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, torí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pè wọ́n, kì í ṣe torí mọ́tò nìkan.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀bi mi ṣe pọ̀ tó. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń bọ́ wọn, mò ń fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí wọn létí, mo sì ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn máa ń yìn mí pé mo mọ àgbà tọ́jú, ojú á sì tì mí, torí bàbá tèmi wà níbi tí mi ò lè bu omi tútù fún wọn mu. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ohun yòówù kí o bi í, "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò sọ, yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun á rò pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò gbọ́ wọn ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára àlejò. Mi ò mọ̀ ọ́n lára ẹni tó bí mi.

Mọ́tò àkọ́kọ́ tí a lọ wò, ọkùnrin kan ló gbé e sí iwájú ilé rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni níbí. Ní Ṣakí, Bàbá ti kírun Aláásárì tán, wọ́n sì ti jókòó ti fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò náà, mo rí i pé ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé ìka mi lè wọlé.

"Bàbá, irin abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ló jẹ ẹ́." Mò ń pariwo, onímọ́tò sì ń wò mí.

"Kí ni wọ́n ń dà?"

"Iyọ̀, Bàbá! Kí yìnyín lè yọ́."

"Iyọ̀ ọbẹ̀?"

"Ó jọ ọ́, Bàbá."

"Ẹ kúrò níbẹ̀. Ìlú tó ń fi iyọ̀ sí títì, kí ni wọ́n ń fi sí ọbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, mi ò tíì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí Múfú bá pè, yóò ní Bàbá ti sọ ìtàn iyọ̀ náà fún gbogbo àdúgbò, pé wọ́n ti ń bi òun léèrè ìgbà tí a máa tún lọ wo òmíràn.

Mọ́tò kejì jẹ́ ti obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó mọ́ tónítóní. Abẹ́ rẹ̀ ò dípẹtà, àga rẹ̀ ò ya, búùtù rẹ̀ sì gba kẹ̀kẹ́ ọmọ bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ mi tó ń wá tuntun gan-an ń fọwọ́ pa á lára. Mo ṣe gbogbo nǹkan bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Mo ti bẹ ìyá náà pé kó má tẹ iná sí i kí a tó dé, kí ẹ́ńjìnnì lè tutù. Mo ṣí bọ̀nẹ́ẹ̀tì, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, mo ní kí ọkọ mi tẹ iná. Ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wá tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀, mo sì gbọ́ ọ.

Kò, kò, kò. Nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó ń fi ọmọ odó kan ilẹ̀ ní yàrá kejì.

Mo dúró kí Bàbá sọ pé nọ́ọ̀kì ni, pé ẹ́ńjìnnì náà ti ń kú lọ.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ọdún mẹ́wàá ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ rà á."

"Ẹ jẹ́ kí n tún gbé e sún mọ́ ọn, Bàbá. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Mo tún gbé e. Ọkọ mi tún tẹ̀ ẹ́. Kò, kò, kò.

"Ṣé iṣẹ́ tí mo fi kọ́ ẹ lo fẹ́ fi kọ́ mi ni? Mo ní ẹ rà á. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ohùn ládàánì."

Mo rí bàbá òyìnbó tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, mo rí ẹ̀rín músẹ́ rẹ̀. Gbogbo "a dúpẹ́" tí bàbá mi ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá tò síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. A máa rà á."

Ọkọ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìmọ̀ rẹ̀ nípa ẹ́ńjìnnì kò kọjá ibi tí wọ́n ń da omi sí. Inú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà ni mo ti ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ṣé wàá sọ fún wọn?" Mo ní màá sọ, tó bá yá.

Bí a bá tún wá tòkunbọ̀ mìíràn, a ó tún ní kí Bàbá gbọ́ ọ. Bí a ṣe ra tuntun nìyẹn. Ní ilé ìtajà tí a ti rà á, wọ́n bi wá ní àwọ̀ tí a fẹ́, wọ́n fún Àfúsá ní bàlúùnù, kò sì sẹ́ni tó ní ká gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n tẹ iná sí i, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti jí. Àfúsá jókòó sẹ́yìn, ó fọwọ́ lu àga, ó ní, "Mọ́mì, àga yìí ń yáná!" Mo rántí àwọn ìka rẹ̀ lọ́jọ́ ibùdókọ̀ yẹn, inú mi sì dùn débi tí mi ò lè fi pamọ́. Lọ́nà ilé, mo ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára, mo ń gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí pé inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ló pè.

"Ṣé ẹ ti rà á?"

"A ti rà á, Bàbá."

"Èyí tí mo yàn?"

"Èyí tí ẹ yàn náà ni."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n ní táyà wa ò ní tẹ ìbànújẹ́. Mo ń ṣe àmín, àmín. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi ò tiẹ̀ jẹ́ kí tèmi dé ọjà.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ẹ̀bi mi ìbá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n Múfú tún pè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ní kí ẹ gba ohùn yín sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́, káwọn ọ̀rẹ́ àwọn gbọ́ ọ." Mo jókòó sínú mọ́tò tuntun, níwájú ibi iṣẹ́ mi, mo tan ẹ̀rọ amóoru sílẹ̀, mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ṣakí, inú ọkọ̀ tí Bàbá Múfú fi etí yàn fún mi ni mo wà yìí. Ṣakí ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi yàn án. Ó ń lọ bí omi. Etí bàbá mi ò tíì darúgbó o!" Bí ẹni tó ń polówó ọjà ni mo ṣe sọ ọ́. Mo tún un gbọ́, ó wù mí, mo fi ránṣẹ́.

Bàbá gbé e dé mọ́ṣáláṣí. Wọ́n gbé e dé gáréèjì. Múfú ní wọ́n á ní kí òun tẹ̀ ẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀, wọ́n á sì máa wo ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi gbé tòkunbọ̀ kan wá kí wọ́n fetí sí i. Òmíràn tún gbé tirẹ̀ wá. Bàbá ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Wọ́n ra fìlà tuntun. Múfú ní wọ́n ti ń jẹun yó, wọ́n sì ti ń bá àwọn awakọ̀ jà bíi tàtijọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó burú jù níbẹ̀: ara mi yá sí i. Níbí, mi ò ju obìnrin dúdú tó ń pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn lọ, àlejò tí wọ́n máa ń bi ní gbogbo ìgbà pé, "Níbo lo ti wá gan-an?" Ṣùgbọ́n ní Ṣakí, ohùn mi wà ní gáréèjì lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lọ sájò a máa wá ohun tí yóò fi wà nílé. Àwọn mìíràn a kọ́lé, àwọn mìíràn a fi ọmọ ránṣẹ́ sílé lọ kọ́ èdè. Irọ́ ni mo fi kọ́ tèmi, mo sì ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí ọkọ mi bá bi mí bóyá mo ti sọ fún Bàbá, màá bínú sí i.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Múfú pè, mo sì mọ̀ láti orí sálámà rẹ̀ pé nǹkan ti ṣe.

Ọkùnrin oníṣu kan wà ní Àgọ́-Àrẹ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kúdí. Iṣu ọdún méjì ló tà tó fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, tòkunbọ̀, tí òun àti ìdílé rẹ̀ á máa gbé jáde. Ó gbé e wá kí Bàbá gbọ́ ọ kó tó sanwó. Bàbá gbé etí lé e, wọ́n ní ó dára. Kò pé oṣù kan. Wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Kòmú, Bàbá Kúdí, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ, àti ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ẹ́ńjìnnì sì já lójú ọ̀nà, irin inú rẹ̀ lu ara rẹ̀ jáde. Wọn ò rí ọkọ̀ tó máa gbé wọn. Nínú oòrùn ni wọ́n wà láti ìgbà ìrun Aílà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ìyá náà dákú. Wọ́n bu omi lù ú, ó jí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò tíì dìde lórí ẹní.

Múfú ní, "Bàbá ò jáde mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọ gáréèjì ń sọ pé adití ló ń fetí sí ẹ́ńjìnnì. Bàbá ní àwọn fẹ́ lọ bẹ Bàbá Kúdí, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbé wọn."

Mo gba nọ́ńbà Bàbá Kúdí. Mo pè é ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú mọ́tò, kí n tó wọ ibi iṣẹ́. Mo kí i, mo béèrè ìyá. Ó ní wọ́n ń mu ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí bàbá mi. Àgbà ló dé sí wọn. Etí wọn ò gbọ́ nǹkan dáadáa mọ́."

"Ṣé ìwọ rò pé mi ò mọ̀ ni?" Kò pariwo. "Àbúrò, ta ni ò mọ̀ láti Ṣakí dé Àgọ́-Àrẹ? Ó tó ọdún mẹ́ta tá a ti ń kígbe kí bàbá ẹ tó dá wa lóhùn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi rà á?"

"Ohùn ẹ ni. Èyí tó o fi ránṣẹ́. Mo ní ọmọ yìí mọ ẹ́ńjìnnì, bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sì ní jókòó sínú mọ́tò tí ò dáa pẹ̀lú ọmọ. Mo ní bóyá tí baba bá ti gbé etí lé irin, Ọlọ́run ṣì ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí kì í bá ṣe ohùn ẹ, ǹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ."

Ó wá béèrè, kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀ rárá, "Tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń lọ dáadáa?"

Mo lè ní ó ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Mi ò rà á, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ nọ́ọ̀kì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tuntun la rà."

"O gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ."

"Èmi kọ́ lo máa kọ́kọ́ sọ fún. Lọ sọ fún bàbá ẹ." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo pe ibi iṣẹ́ pé màá pẹ́ díẹ̀. Mo pe Múfú, mo ní kí ó gbé fóònù fún Bàbá. Mo ti gbogbo fèrèsé mọ́tò kí àwọn tó ń kọjá má baà gbọ́ igbe mi.

"Bàbá, mọ́tò tí ẹ yàn fún mi, mi ò rà á."

"Kí lo wí?"

"Mi ò rà á, Bàbá! Irọ́ ni mo pa fún yín. Tuntun la rà."

"Kí ló ṣe èyí tí mo yàn?"

"Ó ń nọ́ọ̀kì."

Mo rò pé wọn ò gbọ́. Mo fẹ́ tún un wí, wọ́n ní, "Ìwọ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

"Nígbà tó ń sáré lórí ìdúró, àbí ìgbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́. Ó wà nísàlẹ̀."

"Bẹ́ríìnì rẹ̀ ló ti jẹ." Ohùn wọn balẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́. "O gbọ́ ọ dáadáa. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Àánú yín ló ṣe mí, Bàbá."

"Àánú mi." Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. "Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá bínú sí ẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ǹ bá sì jókòó sílé mi jẹ́ẹ́. Àánú tó o ṣe mí, ìyá oníyàá ló jìyà rẹ̀ nínú oòrùn."

Mo sunkún. Mo sọ pé kí wọ́n má bínú, mo sọ ọ́ títí tó fi di pé mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́ mi. Wọn ò ní kí n dákẹ́, wọn ò sì ṣépè. Nígbà tó yá, wọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí àwọn bá ti kírun tán, àwọn àti Múfú á lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Wọ́n ní kí n gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà.

Àárọ̀ Jímọ̀, mo jókòó sórí àga nínú yàrá, ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Múfú pè. Ó ti ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ fún gbogbo agboolé Bàbá Kúdí. Mo gbọ́ adìyẹ, mo gbọ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń lé lọ sẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ikọ́ ìyá àgbàlagbà kan. Àwọn awakọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n bá bàbá mi wá láti gáréèjì, torí Bàbá ní àwọn tó gbọ́ irọ́ ló gbọ́dọ̀ gbọ́ òótọ́. Múfú ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ti jókòó."

Mo kí wọn. Mo dárúkọ ìyá, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nípa mọ́tò tí mo ní bàbá mi yàn fún mi. Ohùn mi ti kéré jọjọ, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé bóyá kí n kàn sọ díẹ̀.

Bàbá mi dá mi dúró lójú gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Sọ ọ́ sókè, ọmọ mi. Etí mi ò gbọ́ mọ́."